Ọyẹ́ ti mú, gígun ẹṣin ti ń sú mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹlẹ́ṣin_Kàbà

Okun o, gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé àwa tá a ń sin ẹṣin láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ́ ò pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kó ọ̀rọ̀ mi wá síbí, torí bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ará àdúgbò, ohun tí wọ́n á sọ ò ju pé kí n tà wọ́n kí n fi owó wọn ra ọ̀kadà. Ẹṣin méjì ni mo ní, akọ pupa kan tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá àti abo dúdú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin. Òde ìgbéyàwó àti ìwúyè ni mo ń gbé akọ lọ, abo yìí ni mo fẹ́ kó mọ gàárì dáadáa kó tó di Àjíǹde.

Wàhálà mi ni pé látìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá, ara mi ò gbé e mọ́. Ẹ mọ̀ pé àárín òkè ni Kàbà wà, bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ òtútù á kóra jọ sísàlẹ̀ níbi tá a wà bí omi inú abọ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jí lọ bá wọn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí àláàmù á dún, màá pa á, màá ní kí oòrùn yọ ná, oòrùn á yọ tán eruku á ti bo gbogbo ojú ọ̀run, ètè á máa là, ojú á máa ta mí, màá ní ó di ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ á dé ọ̀rọ̀ á di ti ọ̀la. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti pé ọjọ́ 19 tí mo ti gbé gàárì lé èyíkéyìí nínú wọn kẹ́yìn. Mo ń fún wọn lóúnjẹ o, mo ń pọn omi, mo ń kó ìgbẹ́ wọn, mi ò fi ebi pa wọ́n rí.

Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Wọ́n pè wá síbi ìgbéyàwó kan, akọ pupa yìí tó jẹ́ pé àwọn ọmọdé máa ń fi ìrù ẹ̀ ṣeré, ọmọ kan ju báńgà sílẹ̀ lẹ́yìn wa, ló bá ta gìrì, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó kánópì, ọkọ ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì di gọ̀gọ̀ ẹ̀ mú, fìlà já bọ́, ẹṣin fi ẹsẹ̀ tẹ fìlà mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó farapa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ìyókù owó mi lọ́wọ́ wọn, mo kàn bẹ̀ wọ́n ni. Ẹṣin ò jẹ̀bi. Ọjọ́ 19 yẹn ló jẹ̀bi, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é pẹ́, kí lẹ fi ń gbé ara yín dìde lásìkò yìí?

Bàbá_Ìsánlú

Ọmọ mi, okun o. Ẹ kú ewu ti Sátidé.

Mo ṣe ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ní àríwá fún ọdún gbọọrọ kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Òkè ọ̀hún ni ọyẹ́ wà, tí ibí yìí ò tíì tó nǹkan kan. Ní bárékè wa kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ bóyá ara ẹ fẹ́. Agogo á lù, wàá jáde. Ìgbà tí mo wá dé ilé tí kò sí agogo mọ́ ni mo tó mọ̀ pé agogo yẹn ló ń gun ẹṣin ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi kọ́. Odindi ọyẹ́ kan ni mo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nílé níbí, tí ẹṣin mi dúró lójú kan tí ń wò mí.

Ohun tó yọ mí ni mo fẹ́ sọ. Mo bá ara mi ṣe àdéhùn pé mi ò ní gùn ún. Ohun tí mo máa ṣe kò ju kí n fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara ẹ̀ lọ. Àfi búrọ́ọ̀ṣì nìkan, lẹ́yìn náà mo lè padà sẹ́nu iná. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde. Tó o bá fi búrọ́ọ̀ṣì nu ẹṣin láti ọrùn dé ìdí nínú ọyẹ́, tó o nù ún dáadáa, kì í ṣe fọwọ́ kàn án lásán, eruku á máa rú bí èéfín, apá ẹ á gbóná, kó o tó dé ẹ̀gbẹ́ kejì wàá ti bọ́ súẹ́tà. Bó o bá sì gbé ọwọ́ sábẹ́ gọ̀gọ̀ ẹ̀ níbi tó ti bo ọrùn, ibẹ̀ gbóná bí ibùsùn tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń yá ọwọ́ kí n tó mú ìjánu. Tó bá dìgbà yẹn, gàárì ò wúwo mọ́.

Nǹkan kejì, má gbé aṣọ òtútù ẹ sínú yàrá. Orí gàárì ni kó wà. Kó jẹ́ pé tí òtútù bá mú ẹ, ọ̀dọ̀ ẹṣin lo máa lọ mú un.

Àti pé ẹ fi òrí pa awọ gàárì àti ti ìjánu o, ọyẹ́ ń là á. Okùn abẹ́ inú tó bá ti là lè já níbi tí ò yẹ.

Àbúrò_Ìyàrá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú sí mi, ṣé dandan ni kẹ́ṣin ṣiṣẹ́ nínú ọyẹ́ ni? Ẹ jẹ́ kó sinmi. Àwọn náà lára. Mo rí i kà pé ẹṣin kì í tètè pàdánù agbára ẹ̀ bíi tèèyàn.

Dókítà_Ẹran_Lọ́kọ́ja

Okun gbogbo yín. Àbúrò, òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ. Ẹṣin tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì títí dé mẹ́rin kí agbára ọkàn àti èémí ẹ̀ má tíì dín tó ohun tá a máa rí. Nítorí náà, Ẹlẹ́ṣin Kàbà, ọkàn yín balẹ̀, ọjọ́ 19 ò ba ẹṣin yín jẹ́. Ohun tó sọnù ni àṣà. Ẹṣin tó dúró lójú kan tí kò rí nǹkan tuntun, tí wọ́n wá gbé e lọ sáàárín ìlù àti báńgà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sí bí kò ṣe ní ta gìrì. Tẹ́ ẹ bá sì padà bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ san gbèsè ọjọ́ 19 lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, rírìn ló pọ̀ jù. Iṣan àti egungun ẹsẹ̀ kì í tètè le bí èémí, èémí lè ti padà kí ẹsẹ̀ má tíì ṣe tán, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń já iṣan ẹṣin wọn.

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí gan-an rèé, torí lọ́dọọdún lákòókò yìí ni wọ́n ń pè mí fún un. OMI. Ẹṣin tó wọ̀n tó kílò 300, bí ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin wa ṣe rí, omi ẹ̀ lójúmọ́ ò gbọ́dọ̀ dín sí lítà 15 bó bá dúró lásán, bó bá ń ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ó lè mu lítà 25 sí 30. Ẹ wá wò ó, àsìkò òjò koríko tútù ló ń jẹ, omi pọ̀ nínú ẹ̀. Ní báyìí, pòròpórò, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, dúsà (èèrí ọkà) gbígbẹ. Gbígbẹ lórí gbígbẹ. Omi inú kànga sì tutù láàárọ̀, ẹṣin á kàn fi ètè kàn án. Oúnjẹ á wá le nínú ìfun, kò ní lè kọjá. Ẹṣin á máa wo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀, á máa fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, á dùbúlẹ̀ á dìde, á tún dùbúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ gbé oúnjẹ kúrò níwájú ẹ̀ kíá kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má rọ àgbo kankan sí i lọ́nà ọ̀fun, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Kó má bàa débẹ̀, ẹ máa wo ìgbẹ́ ẹ̀ láràárọ̀. Bó bá ń kéré sí i, tó le bí ẹyin àparò, tí nǹkan bí ikun bò ó, omi ò tó nìyẹn. Ẹ rẹ dúsà yín sínú omi kó tó jẹ ẹ́, kó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ fi iyọ̀ ìdáná bíi ṣíbí ìjẹun kan sí i lójúmọ́ kí òùngbẹ lè gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí omi ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ sí i o. Ẹ fi dúrọ́ọ̀mù sínú oòrùn láti aago mẹ́wàá, omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n máa ń mu jù.

Eruku náà ńkọ́? Láàárọ̀ tí kùrukùru ọyẹ́ bá ṣú débi pé ẹ ò rí òkè tó wà níwájú yín, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ mọ sí rírìn. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń sinmi kẹ́ ẹ ka bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe ń gbé sókè láàárín ìṣẹ́jú kan. Láàárín 8 sí 16 ló dáa. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì tíì ṣe nǹkan kan, tàbí tó ń wúkọ́, ẹ má gùn ún. Ewé ẹ̀pà tó bá ti hu, ẹ dà á nù, ẹ má wò ó pé owó lẹ fi rà á. Èyí tí kò hu náà, ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó gbé e fún un.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà

Dókítà, ẹ ṣeun, ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe bá mi. Ẹyin àparò yẹn ni mo rí lọ́ọ̀ọ́kán lánàá, mo rò pé torí pé ọyẹ́ mú ni ìgbẹ́ náà ṣe gbẹ.

Ẹlẹ́ṣin Kàbà, ẹ má bínú pé èmi ò mọ ẹṣin gùn tó yín. Bàbá mi ló ni ẹṣin tó wà lọ́dọ̀ mi, ìgbà tí wọ́n lọ ni ó kù sí mi lọ́wọ́, mi ò sì lè tà á. Ọdún àkọ́kọ́ ọyẹ́ dé, mi ò gùn ún rárá, torí mo rò pé bí mi ò bá gùn ún dáadáa bíi ti bàbá mi, kò ní ìtumọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ fi kọjá. Ọdún kejì mo ní rárá, ohun tí mo bá lè ṣe ni màá ṣe. Mo ń kó okùn sí i lọ́rùn a sì jọ ń rìn lọ sódò. Kò ju ìyẹn lọ. Ó máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní àlọ, ọgbọ̀n ní àbọ̀, àwọn ìbejì á tẹ̀ lé wa tí kò bá sí ilé ìwé. Láàárín ọ̀nà yẹn ó máa ń rí ọ̀kadà, ó máa ń rí àwọn tó ń gbé igi ìdáná, ẹ̀rọ ìlọta á máa dún, ewúrẹ́ á já wọ àárín wa. Kò sóhun tó ń dẹ́rù bà á mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo gùn ún lọ sí oko kájú wa láìsí pé ẹnikẹ́ni di okùn mú.

Ohun tó ń gbé mi jáde gan-an, kí n sọ òótọ́, ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin àgùntàn. A ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ẹran ẹ̀ láàárọ̀ á ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sórí wásáàpù. Kò sí owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí fọ́tò àgùntàn máa wọlé kí tèmi tó dé.

Ohun tó ń dùn mí nísinsìnyí ni koríko. Igbó tí mo ti ń gé koríko ni ẹnìkan ti sun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá torí òkété. Ilẹ̀ dúdú kiri. Ẹ bá mi bẹ àwọn ọdẹ wa.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ́_ní_Kánádà

Okun o ẹ̀yin ará ilé! Inú mi dùn láti rí ọ̀rọ̀ ẹṣin ní èdè wa. Alberta ni mo wà, ilé ẹṣin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún karùn-ún mi rèé, kí n sọ bí tibí ṣe rí ká lè fi wé ara wọn.

Oṣù Kejìlá ní Calgary níbí, oòrùn ò yọ títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ á fi kọjá, ó sì ti wọ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ò pé wákàtí mẹ́jọ. Ní Kàbà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹ ní ìmọ́lẹ̀, ẹ má fi ṣeré. Omi níbí á di yìnyín nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bí a ò bá fi iná mànàmáná sí i. Yìnyín á kóra jọ sínú pátákò, á le bí òkúta, ẹṣin á máa rìn bí ẹni tó wọ bàtà gíga, a máa ń fi Vaseline pa inú pátákò kó má bàa lẹ̀. Irin ìjánu á tutù débi pé ó lè bó ahọ́n ẹṣin, a gbọ́dọ̀ dì í mọ́ ọwọ́ tàbí ká fi há abíyá títí á fi gbóná kó tó wọ ẹnu. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ -20 lórí ìwọ̀n Celsius, rírìn nìkan là ń ṣe, torí tí ẹṣin bá ń mí kíkankíkan nínú afẹ́fẹ́ tó tutù tó bẹ́ẹ̀, inú ọ̀nà èémí ẹ̀ ń fara gbọgbẹ́.

Síbẹ̀ ẹṣin gan-an ò bìkítà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn nígbà tí mo dé. Ẹṣin tó ti hu irun òtútù, tí kò tutù sára, tó sì ń jẹ koríko yó, lè dúró síta ní -15 kí ara ẹ̀ má ṣe wàhálà kankan. Koríko tó ń wú nínú ìfun ẹ̀ ló dà bí iná tó ń yá. Ẹṣin ilé wa ò ní irú irun bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹṣin tí irun ẹ̀ kéré náà lè fara da títí dé nǹkan bíi 5. Ìgbà wo ni Kàbà dé 5 rí? Òtútù ò mú ẹṣin yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lòtútù ń mú. Nígbà tó yé mi bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi ẹṣin ṣe àwáwí mọ́, mo lọ ra ìbọ̀wọ́ tó dáa.

Àwọn tá a jọ wà níbí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ara wọn dìde ni pé wọn kì í sọ pé "mo fẹ́ gun ẹṣin nígbà òtútù yìí." Ìyẹn ti tóbi jù. Nǹkan kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kó fi ẹ̀yìn rìn ìgbésẹ̀ mẹ́rin láìfa okùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí mo bá ń gùn ún. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n so kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, bó bá ti ṣe é, wọ́n á tú u sílẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìgbà ooru dé, mo rí i pé ẹṣin wọn gbọ́n ju èyí tí èmi ń gùn ní wákàtí méjì-méjì lọ.

Fún abo ọdún mẹ́rin yín yẹn, ẹ gé ọparun mẹ́rin, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí àkàbà, kí àlàfo wọn jẹ́ nǹkan bíi 80 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ mú un rìn kọjá lórí ẹ̀. Ẹ kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni. Á kọ́kọ́ kọsẹ̀, á sọ orí kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí wo ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí, ẹ̀yìn ẹ̀ á gbé sókè. Ẹ ò tíì gun nǹkan kan, eruku ò tó nǹkan, ẹṣin sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ayétòrò_Gbẹ̀dẹ́

Kí n fi èyí kún un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́jú gan-an. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé tó ń ti Bídà wá kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ìdí tí àwọn baba wa fi sá gun orí òkè nìyẹn. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀rù máa ń bà wọ́n jù. Odò ti fà, ẹṣin lè kọjá, koríko gíga ti jóná, ẹṣin á ríran lọ jìnnà. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá gbọ́ tẹ́nìkan ní ọyẹ́ kì í ṣe ìgbà ẹṣin. Àwọn tó mọ ẹṣin lò ju àwa lọ, ìgbà yìí gan-an ni wọ́n ń dúró dè.

Dókítà_Ẹran_Lọ́kọ́ja

Ẹ ti sọ ọ́. Kí n sì fi ìdí kan kún un: eṣinṣin tsetse. Òun ló ń gbé àrùn tó ń fà ẹ̀jẹ̀ ẹṣin gbẹ, tí ẹṣin ò fi pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá tó wà nísàlẹ̀ láti ayébáyé. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ báyìí, eṣinṣin náà á sá padà sínú igbó tútù tó wà létí odò, gbalasa á wá mọ́ díẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé àrùn ẹṣin ti Áfíríkà kiri náà á dín kù. Tí mo bá ní láti yan oṣù tí mo máa fi kọ́ ẹṣin ní agbègbè wa, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni màá mú. Ìyá Ìbejì, ọ̀nà odò tí ẹ̀ ń gbà yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dúró pẹ́ lábẹ́ igi ìdí odò, kó mu omi kẹ́ ẹ kúrò.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ omi, ohun tí ọyẹ́ fi burú ju òjò lọ ni ikọ́. Ọdún 2019, influenza ẹṣin, ìyẹn òfìnkìn líle tó ń ràn, jà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé Nàìjíríà. Ẹni tó bá ra ẹṣin tuntun láti ọjà, kó so ó lọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n má jọ mu nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ẹlẹ́ṣin_Kàbà

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gbé jáàkẹ́ẹ̀tì mi lọ sórí gàárì lálẹ́ òní. Ìbéèrè kan péré: báńgà ńkọ́? Òde mìíràn wà nílẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀rù ń bà mí.

Bàbá_Ìsánlú

Bó ti wù kó rí, má lọ ju báńgà sí i lára láti fi kọ́ ọ o, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹṣin náà ò wúlò mọ́ títí tó fi kú. Ìlù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ kan máa lù ú ní bí àádọ́ta ìgbésẹ̀ síbi tí ẹṣin ti ń jẹun. Bó bá gbé orí sókè tó wò, tó tún padà sórí oúnjẹ, ó tó fún ọjọ́ yẹn. Lọ́la, ìgbésẹ̀ 45. Bó bá fi oúnjẹ sílẹ̀, o ti sún mọ́ ọn jù, padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìlù, kó o máa fi pátákó méjì gbá ara wọn, ohùn ẹ̀ jọ ti báńgà. Oúnjẹ ló máa kọ́ ọ, kì í ṣe pàṣán. Ó lè gbà ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọjọ́ òde yẹn bá pé tí kò tíì ṣe tán, sọ fún wọn pé o ò wá. Owó á tún wá.

Ẹlẹ́ṣin_Kàbà

Okun o. Mo ṣèlérí pé màá padà wá jíṣẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ọjọ́ méjì ni mo pa jẹ nínú ẹ̀, ọjọ́ kan kùrukùru ṣú gan-an, ọjọ́ kejì mi ò kàn dìde ni, mi ò ní purọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ṣiṣẹ́. Àárọ̀ àkọ́kọ́ mo nu akọ nìkan mo sì padà wọlé. Àárọ̀ kejì mo nu méjèèjì, ọwọ́ mi wà lábẹ́ gọ̀gọ̀ akọ bí Bàbá ṣe wí, ó gbóná lóòótọ́, òun náà kàn gbé àgbọ̀n lé mi léjìká ó sì mí kanlẹ̀, èéfín jáde nímú ẹ̀. A dúró báyẹn fún ìgbà díẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti dúró tì í kẹ́yìn láìsí pé iṣẹ́ wà tí mo fẹ́ kó ṣe fún mi. Ọjọ́ kẹta ni mo gbé gàárì lé e.

Mo ka èémí wọn, akọ jẹ́ 12, abo jẹ́ 14. Ìgbẹ́ wọn ti rọ̀ látìgbà tí mo ti ń rẹ dúsà. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn báyìí, ohun tí mo kọ síbẹ̀ fún abo lọ́sẹ̀ yìí ni "ọparun mẹ́rin, kó má fi ẹsẹ̀ kan ọ̀kankan." Lánàá ó fẹsẹ̀ kan ẹyọ kan. Láàárọ̀ yìí ó dé ìdí àkọ́kọ́, ó sọ etí síwájú, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wá gbé ẹsẹ̀ gíga-gíga bí àkùkọ tó ń rìn nínú ìrì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò kan ọ̀kankan. Mo pariwo débi tí ìyàwó mi jáde wá bi mí pé kí ló dé.

Ìlù ti dé ìgbésẹ̀ 35. Ní 30 ó fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sọ fún ọmọ náà kó padà sẹ́yìn. Mo ti pe àwọn tó ni òde yẹn pé kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà

Ọlọ́run seun! Ẹ fi fọ́tò abo ránṣẹ́ sí wa lórí ọparun náà. Tèmi ti mu bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lónìí látinú dúrọ́ọ̀mù inú oòrùn. Pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ló wá ń là báyìí, ṣé òrí náà ni kí n fi pa á, Dókítà?

Dókítà_Ẹran_Lọ́kọ́ja

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n má gé pátákò, èyí tó bá gùn jù ló máa ń là. Bí wọ́n bá gé e tán, ẹ lè fi òrí pa á lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, kó di omi náà mú síbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tó là wá kí n rí bó ṣe jìn tó.